Ọwọ́ tí ó ń yàwòrán, ọwọ́ tí ó ń kọ̀wé: Iṣẹ́ Délé Jẹ́gẹ́dẹ́ láti Ìkẹ́rẹ́ dé Akọka

Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ọnà, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò ni pé orí idẹ Ifẹ̀ tàbí ère ìbejì ni n ó mú wá síwájú yín. A ti gbọ́ ọ̀rọ̀ lórí ìwọ̀nyẹn, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ẹni ìgbà tiwa ni mo yàn láti sọ̀rọ̀ lé lórí, ẹni tí ó ṣiṣẹ́ ní àyíká yìí gan-an fún nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí ó jẹ́ ayàwòrán, tí ó jẹ́ akọ̀wé, tí ó sì jẹ́ olùkọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Délé Jẹ́gẹ́dẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ kan lórí orúkọ yìí kí n tó lọ síwájú. Bí òun fúnra rẹ̀ bá ń kọ ọ́, dele jegede ni ó máa ń kọ. Lẹ́tà kékeré ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀ orúkọ méjèèjì. Àkọtọ́ Yorùbá kò gbà bẹ́ẹ̀, àkọtọ́ ni èmi sì ń kọ́ àwọn ọmọ, nítorí náà lẹ́tà ńlá ni n ó lò. N ó sì máa lo ‘ó’ àti ‘rẹ̀’ fún un, gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn tí ń kọ ìwé ìmọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń fojú di àgbà tí wọ́n bí ní 1945.

Ohun tí mo fẹ́ wádìí kò pọ̀. Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọwọ́ ayàwòrán nígbà tí ọwọ́ kan náà bá tún di ọwọ́ akọ̀wé àti ọwọ́ olùkọ́? Ta ni ó jèrè níbẹ̀, ta ni ó sì pàdánù? Àwọn kan máa ń sọ pé ẹni tí ó bá ń kọ̀wé lórí iṣẹ́ ẹlòmíràn, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kò tó o ṣe. Èmi kò gbà wọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wọn kò ṣàìní ìdí.

Àdúgbò wa

Ẹni tí ó bá gba ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Èkó jáde ní Akọka kò ní rìn jìnnà kí ó tó bá ara rẹ̀ ní Bàríga, bí ó bá sì tẹ̀síwájú, Ṣómólú ni. Ọdún 1962 ni wọ́n dá Yunifásítì náà sílẹ̀. Ọgbà ilé ẹ̀kọ́ girama CMS, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1859, ti wà ní Bàríga ṣáájú rẹ̀. Nítorí náà, àdúgbò tí àwọn ènìyàn máa ń rò pé ariwo ọkọ̀ àti ọjà nìkan ni ó wà níbẹ̀, àdúgbò ìwé ni.

Ṣómólú ni ojúlé àwọn atẹ̀wé ní Èkó. Ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀, páálí oògùn, àwòrán olùdíje ìbò, ìwé àdúrà: ibẹ̀ ni a ti ń tẹ̀ wọ́n. Ẹ̀rọ Heidelberg àlòkù tí wọ́n kó wá láti Jámánì kún inú àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a kọ́ fún ìgbé. Àwọn ọmọkùnrin a máa ru bébà lórí láti ilé tí a ti ń gé e lọ sí ilé tí a ti ń tẹ̀ ẹ́, láti ibẹ̀ lọ sí ilé tí a ti ń dì í. Nínú gbogbo ìrìn-àjò bébà yìí, ẹnì kan wà tí ó ń yàwòrán. Nígbà kan, kálàmù àti tàdáwà ni ó fi ń yà á. Lónìí, kọ̀ǹpútà ni. Bí ẹ bá bi í léèrè iṣẹ́ tí ó ń ṣe, yóò dá yín lóhùn pé, ‘Gíráfíìkì ni mò ń ṣe, sà.’ Kò ní sọ fún yín pé oníṣẹ́ ọnà ni òun. Bákan náà ni ẹni tí ó ń kọ òwe sí ẹ̀yìn dáńfó, àti ẹni tí ó ń ya orí ènìyàn sí pátákó iwájú ilé onígbàjámọ̀.

Bẹ́ẹ̀, èdè wa kò ya àwọn ènìyàn wọ̀nyí sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọnà ni èyí tí a fín sára igbá, ọnà ni èyí tí a gbẹ́ sára ilẹ̀kùn, ọnà ni èyí tí ó wà lára aṣọ àdìrẹ. Ilé ẹ̀kọ́ ni ó wá sọ fún wa pé èyí tí a fi férémù sí ni iṣẹ́ ọnà gidi, pé èyí tí a tẹ̀ sórí bébà tí a ń tà ní kọ́bọ̀ kì í ṣe nǹkan kan. Jẹ́gẹ́dẹ́ wà lára àwọn tí ó fi ọwọ́ ara wọn fọ́ ògiri yìí, ó sì rọrùn fún un láti fọ́ ọ nítorí pé inú ìwé ìròyìn ni ó ti jáde wá.

Ìlú tí ó ti wá

Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni wọ́n bí i sí. Ìlú yìí kì í ṣe ìlú kékeré nínú ìtàn iṣẹ́ ọnà. Ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ ni Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ọ̀gá àwọn agbẹ́gilére Èkìtì, gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún láàrin nǹkan bí 1910 sí 1914. Lára ilẹ̀kùn náà ni ó gbẹ́ àwòrán òyìnbó ajẹ́lẹ̀ tí wọ́n gbé ru lórí àga, tí ó wá kí Ògògà. Òyìnbó náà jókòó kúńdú bí ẹni tí oorun ń kùn, nígbà tí ọba jókòó pẹ̀lú iyì, tí adé bò ó lójú. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley ní 1924. Ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti Britain sì gbà á, wọ́n fi ìtẹ́ tí àwọn òyìnbó ṣe dí i fún Ògògà. Ọ̀kan nínú àwọn òpó ààfin náà wà ní Chicago títí di òní.

N kò fẹ́ sọ pé Jẹ́gẹ́dẹ́ jogún iṣẹ́ yìí nínú ẹ̀jẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dùn létí, kò sì sí bí a ṣe lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé ṣáájú kí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ tó parí, oníṣẹ́ ọnà kan ní Èkìtì ti fi igi ṣe ohun tí àwọn ayàwòrán ìwé ìròyìn ń fi kálàmù ṣe. Ó ya aláṣẹ bí ó ṣe rí lójú ará ìlú, ó sì jẹ́ kí ìjókòó rẹ̀ sọ ohun tí ẹnu kò lè sọ. Ọwọ́ aláṣẹ fúnra rẹ̀ ni iṣẹ́ náà wá bọ́ sí gẹ́yìn, wọ́n sì gbé e lọ sílé tayọ̀tayọ̀.

Kálàmù àti tàdáwà

Ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ni Jẹ́gẹ́dẹ́ ti kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà, ó sì gboyè ní 1973 ní ipò kìn-ín-ní. Zaria ti lórúkọ ṣáájú àkókò yẹn. Níbẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi Uche Okeke, Demas Nwoko, Bruce Onobrakpeya àti Yusuf Grillo ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1958, tí wọ́n ní àwọn kò ní gba ẹ̀kọ́ òyìnbó wọlé láìjẹ́ pé ó bá ti ilé wa mu. Nígbà tí Jẹ́gẹ́dẹ́ dé ibẹ̀, àwọn yẹn ti lọ tipẹ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè wọn kò tíì lọ.

Láti 1974 sí 1977 ni ó fi wà ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Daily Times gẹ́gẹ́ bí olótùú iṣẹ́ ọnà. Inú Sunday Times ni àwòrán ẹ̀fẹ̀ alátòòtẹ̀lé rẹ̀ tí ó pè ní Kole the Menace ti ń jáde. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ síbí, nítorí pé àwọn tí ń ka ìwé rẹ̀ ní òde òní máa ń fo ọdún mẹ́ta yìí bí ẹni ń fo kòtò.

Ẹ wo ohun tí àwòrán ẹ̀fẹ̀ ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ń yà á. Ayàwòrán alọ́dà lè fi oṣù mẹ́fà yí iṣẹ́ kan po. Ayàwòrán ìwé ìròyìn gbọ́dọ̀ parí tirẹ̀ kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lálẹ́. Bébà ìwé ìròyìn máa ń mu tàdáwà. Ilà tí ó bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù a sọnù, èyí tí ó bá sún mọ́ra jù a lẹ̀ pọ̀ di àbàwọ́n. Àwọn atẹ̀wé Ṣómólú mọ èyí ju ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ lọ. Nítorí náà, ilà díẹ̀, ilà tí ó dá ṣáká, ni ó gbọ́dọ̀ gbé gbogbo ọ̀rọ̀. Ikùn olóṣèlú á tóbi ju orí rẹ̀ lọ, fìlà ológun á bo ojú rẹ̀. A mọ ẹni tí à ń wí, bẹ́ẹ̀ a kò dárúkọ rẹ̀. Ẹni tí kò lè ka Gẹ̀ẹ́sì rárá yóò wò ó, yóò sì rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó kàwé gboyè yóò wò ó, yóò sì ronú.

Àwa Yorùbá mọ iṣẹ́ yìí dáadáa lábẹ́ orúkọ mìíràn. Ní ilẹ̀ Kétu àti ní apá Yewa, alẹ́ ẹ̀fẹ̀ ni ó máa ń ṣáájú ọ̀sán Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ẹni tí ó gbé agọ̀ ẹ̀fẹ̀ lè kọrin bú ìjòyè tí ó jẹ owó ìlú, kò sì sẹ́ni tí yóò mú un lọ sí kóòtù lọ́la. Ní Ìbàdàn, ọjọ́ Òkèbàdàn a máa fún ará ìlú láyè láti sọ ohun tí wọn kò lè sọ lọ́jọ́ mìíràn. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé agọ̀ àti òru a máa bo ẹlẹ́fẹ̀. Ayàwòrán ìwé ìròyìn ní tirẹ̀, orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ àwòrán, gbogbo ayé sì mọ ọ́fíìsì rẹ̀.

Jẹ́gẹ́dẹ́ kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó tọ ọ̀nà yìí. Akinọlá Láṣekan ti ń ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀ sínú West African Pilot ti Azikiwe láti 1944, ‘Lash’ ni ó ń fi síbẹ̀, ìjọba àmúnisìn sì ni ó ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Ó rọrùn láti mọ ọ̀tá nígbà ti Láṣekan: àlejò ni. Ní ọdún 1974 sí 1977, ọmọ ilé ni ó wà lórí àga. Owó epo ti kún ìlú, owó oṣù Udoji ti mú kí ọjà gbówó lórí, ọkọ̀ ojú omi tí ó kó sìmẹ́ńtì sì tò lọ rẹrẹ ní èbúté Èkó ní 1975, tí wọn kò rí ibi gúnlẹ̀ sí. Ní ọdún 1975 yẹn kan náà ni ìjọba ológun gba ìpín ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún nínú ilé iṣẹ́ Daily Times. Ẹ rò ó wò: ìjọba tí ayàwòrán yóò fi ṣẹ̀fẹ̀ ti di ẹni tí ó ni bébà àti tàdáwà tí ó ń lò. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ibẹ̀ kúrò ní 1977 ti mọ ohun kan nípa iṣẹ́ ọnà àti agbára tí kò sí nínú ìwé Zaria.

Akọka

Ní 1977, ọdún FESTAC, ó wọ Ibùdó Ẹ̀kọ́ Àṣà ní Yunifásítì Èkó. Ibùdó yìí kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà bí ti Yábàá tàbí ti Zaria. Ibi ìwádìí ni, níbi tí oníjó, olórin, òṣèré àti ayàwòrán ti ń pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà. Inú rẹ̀ ni ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà tí ó wà ní Yunifásítì náà lónìí ti hù jáde.

Abáyọ̀mí Barber wà ní Ibùdó yìí ṣáájú rẹ̀, n kò sì lè sọ̀rọ̀ Jẹ́gẹ́dẹ́ kí n má fi Barber ṣe àfiwé. Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n bí Barber sí ní 1928, ó sì kú ní 2021. Ó ti lọ sí London, ó ti bá agbẹ́gilére Oscar Nemon ṣiṣẹ́, nígbà tí ó sì padà dé Akọka, ó kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, ó ń kọ́ wọn bí a ṣe ń kọ́ ọmọ iṣẹ́: wò mí, ṣe bí mo ti ṣe, padà wá fi hàn mí. Àwọn ọmọ yẹn di ọ̀gá. Ilé ẹ̀kọ́ Barber ni àwọn onímọ̀ ń pe ọ̀wọ́ wọn. Àmọ́ Barber kì í kọ̀wé. Ohun tí ó mọ̀ wà ní ọwọ́ rẹ̀, ó sì bọ́ sí ọwọ́ àwọn tí ó jókòó tì í. Ẹni tí kò jókòó tì í kò rí nǹkan kan kà.

Ọ̀nà kejì ni Jẹ́gẹ́dẹ́ gbà. Ó lọ sí Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà, níbi tí Roy Sieber ti ń kọ́ni ní ìtàn iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Áfíríkà, ó gba oyè kejì ní 1981, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1983. Ẹ wo orí ọ̀rọ̀ tí ó yàn fún ìwádìí rẹ̀: àwọn ìtẹ̀sí iṣẹ́ ọnà òde òní ní Nàìjíríà. Ní àkókò yẹn, ohun tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí ọmọ Áfíríkà tí ó bá lọ kẹ́kọ̀ọ́ irú èyí ní òkè òkun padà wá ṣe ìwádìí lórí ère ìlú baba rẹ̀. Jẹ́gẹ́dẹ́ ní tirẹ̀ yíjú sí àwọn tí ó ṣì wà láyé, àwọn tí òun àti wọn jọ ń pàdé níbi ìpàtẹ. Ó gba ìgboyà. Òkú kì í jà sí ohun tí a bá kọ nípa rẹ̀. Ayàwòrán tí ó wà ní Yábàá lè gbé ọkọ̀ wá sí Akọka lọ́la láti wá béèrè ohun tí o ní lọ́kàn.

Nígbà tí ó padà dé, ó ń kọ̀wé lemọ́lemọ́. Ní 1984, Nigeria Magazine gbé àpilẹ̀kọ rẹ̀ jáde lórí àwọn tí ń gbé iṣẹ́ fún oníṣẹ́ ọnà àti ìyípadà tí ó ti dé bá ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo kà sí kókó nínú gbogbo ohun tí ó ń lépa, nítorí pé bí a bá mọ ẹni tí ó ń sanwó, a fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ irú àwòrán tí yóò jáde. Ògògà gbé iṣẹ́ fún Ọlọ́wẹ̀, ó sì bọ́ ọ ní gbogbo àkókò tí ó fi gbẹ́ ẹ. Lẹ́yìn òmìnira, ilé ìfowópamọ́, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè òkèèrè àti ìjọba ni ó di Ògògà tuntun. Wọn kì í bọ́ oníṣẹ́ ọnà, owó ni wọ́n ń san, wọ́n sì fẹ́ràn ohun tí yóò bá àwọ̀ kápẹ́ẹ̀tì mu. Bí ẹ bá bi mí, Ògògà kẹta wà tí a kì í sábà kà mọ́ wọn: ìyàwó ilé ní Bàríga tí ó san owó kí wọ́n ya orí ìyá rẹ̀ sára kàlẹ́ńdà.

Láti 1989 sí 1992 ni ó jẹ́ ààrẹ Ẹgbẹ́ Àwọn Oníṣẹ́ Ọnà ní Nàìjíríà, tí ó sì tún jẹ́ olùdarí Ibùdó ní Akọka. N kò ní pẹ́ lórí èyí. Ẹni tí ó bá ti ṣe olórí ẹgbẹ́ rí mọ iye ọ̀dà tí í gbẹ nígbà tí a bá ń jókòó ìpàdé.

Ìjádelọ

Ìbéèrè tí mo ti bi ṣáájú wá dé. Ṣé ìwé kíkọ ló pa àwòrán yíyà? Ó hàn gbangba pé kò pa á. Bí ó ti ń kọ́ni, tí ó ń kọ̀wé, ni ó ń pàtẹ iṣẹ́. Nínú àwọn iṣẹ́ náà, a rí i pé ọwọ́ ìwé ìròyìn kò fi í sílẹ̀. Èkó tí ó há gádígádí, aláṣẹ tí ó jẹun yó tí ó tún ń wá àjẹṣẹ́kù, ìyà àwọn tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀: nǹkan wọ̀nyí kan náà ni, aṣọ tí a fi ọ̀dà kùn ni ó gbà wọ́n wàyí dípò bébà. Mo gbà pé ìwé kíkọ ran àwòrán lọ́wọ́, nítorí pé ẹni tí ó ti fi odidi ìwé ṣàlàyé bí ọjà iṣẹ́ ọnà ṣe ń lọ kò ní ṣèèṣì ya ohun tí kápẹ́ẹ̀tì fẹ́.

Ohun tí mo rí pé ó sọnù yàtọ̀ sí èyí. Àwòrán ẹ̀fẹ̀ dé Bàríga. Àpilẹ̀kọ kò dé ibẹ̀. Kole the Menace wà lọ́wọ́ awakọ̀ àti télọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Àwọn ìwé tí mo dárúkọ lónìí, Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ gbogbo wọn, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì wà ní ilé ìkàwé tí onígíráfíìkì Ṣómólú kò lè wọ̀ láìsí káàdì. Bí Jẹ́gẹ́dẹ́ ti ń gòkè nínú ìmọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó ń gbèjà nínú ìwé rẹ̀ ń jìnnà sí ibi tí wọ́n ti lè kà á. N kò dá a lẹ́bi. Báyìí ni a ṣe ṣètò yunifásítì wa: oyè kò sí nínú ohun tí télọ̀ lè kà. Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ jókòó síwájú yìí mọ̀ pé òtítọ́ ni mo sọ.

Àdánù kejì ni ti ọdún 1992 sí 1993, nígbà tí ó fi Akọka sílẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Láti 1986 tí ìjọba ti gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé kalẹ̀ ni nǹkan ti le fún àwọn olùkọ́. Ní 1985, náírà kan ju dọ́là kan lọ díẹ̀. Ní 1992, dọ́là kan ti ń gba nǹkan bíi náírà 17. Òkè òkun ni ọ̀dà àti aṣọ ìyàwòrán ti ń wá, ibẹ̀ náà ni ìwé ìmọ̀ ti ń wá. Owó oṣù olùkọ́ kan náà ni yóò ra wọn, kí ó tó ra gàrí. Ọ̀pọ̀ ló lọ láàrin ọdún wọ̀nyẹn, nínú gbogbo ẹ̀ka ẹ̀kọ́, a kò sì lè ka iye akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí ẹni kọ́ wọn. Ní ti ìtàn iṣẹ́ ọnà, tí àwọn onímọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ tó ìka ọwọ́ ní ìlú Èkó nígbà náà, kí ẹnì kan ṣoṣo lọ dà bí kí àtùpà kú nínú yàrá tí kò ní fèrèsé.

Ní Amẹ́ríkà, ó kọ́ni ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Indiana ní ìlú Terre Haute títí di 2005. Lẹ́yìn náà ó di olórí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní Yunifásítì Miami, tí ó wà ní ìlú Oxford ní Ohio. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá a lọ sí Miami ti Florida, orúkọ ló jọra.) Ibẹ̀ ni ó ti fẹ̀yìn tì ní 2015. Ní 1995, ó kọ orí ìwé kan lórí àṣà àwọn ará ìlú ńlá ní Áfíríkà sínú ìwé tí Phyllis Martin àti Patrick O'Meara ṣe olótùú rẹ̀, tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà nípa ilẹ̀ Áfíríkà. Ohun tí ó wú mi lórí níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ àwọn ará àdúgbò bíi tiwa yìí wà nínú ìwé kan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìṣèlú àti ọrọ̀ ajé, wọn kò fi ṣe àfikún ẹ̀rín. Ní 2009 ni ìwé atọ́ka rẹ̀ lórí àwọn oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n jẹ́ adúláwọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà jáde. Ní 2014, ó ṣe olótùú ìwé ńlá kan lórí Bruce Onobrakpeya. Láàrin méjèèjì, ní 2011, ó padà wá pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Èkó, ‘Peregrinations’ ni ó pe ìpàtẹ náà, ìrìn-kiri ni ìtumọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ó di 2013, Adérónkẹ́ Adésànyà àti Tóyìn Fálọlá ti kó àpilẹ̀kọ àwọn onímọ̀ jọ sí odidi ìwé kan lórí òun fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó ń kọ̀wé lórí oníṣẹ́ ọnà ti di oníṣẹ́ ọnà tí a ń kọ̀wé lé lórí.

Iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀

Àwọn àwòrán alọ́dà rẹ̀ yóò pẹ́ láyé. Àwọn tí ó rà wọ́n fi wọ́n sí inú ilé amúlétutù. Àwọn ìwé rẹ̀ náà yóò pẹ́, nítorí wọ́n wà ní ilé ìkàwé káàkiri àgbáyé. Àwòrán ẹ̀fẹ̀ ni mo ń bẹ̀rù fún. Bébà ìwé ìròyìn kì í ṣe bébà tí a ṣe fún ìpamọ́: èròjà ara igi tí ó wà nínú rẹ̀ ni í sọ ọ́ di pípọ́n, tí yóò sì máa rún bí ewé gbígbẹ. Èyí tí kò rún, elépà fi dì, alákàrà fi nu epo. Ọdún mẹ́ta tí mo sọ pé àwọn ènìyàn máa ń fò, bí kò bá sí àwòrán inú wọn, a ó tilẹ̀ gbàgbé pé wọ́n wà.

Mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí lọ àwọn ọ̀gá atẹ̀wé méjì ní Ṣómólú. Wọ́n ní ẹ̀rọ tí ó lè ya àwòrán ojú ewé ìwé ìròyìn kan tán ní ìṣẹ́jú díẹ̀, láìfi ọwọ́ líle kàn án. Ẹ̀rọ yẹn kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ wa ni owó epo jẹnẹrétọ̀ àti akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí ó mọ bí a ṣe ń ṣí bébà àtijọ́ láìfà á ya. Wọ́n tún béèrè ohun kan tí n kò retí: kí a kọ àlàyé abẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan ní Yorùbá pẹ̀lú, kí àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn lè kà á bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́.

Ìdì Sunday Times ti 1974 sí 1977 ni kí a kọ́kọ́ wá. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin tí ẹ wà níbí bá ní èyíkéyìí nílé, kódà bí ewé kan ṣoṣo ni, kí ó bá akọ̀wé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa sọ̀rọ̀ kí ó tó lọ sílé.